Bí a ṣe ń fi ewéko igbó wo ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú sàn

Koríko tó bá kọ́kọ́ yọrí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú, ẹ má tíì fi ọkọ́ kàn án. Nígbà tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, katakátá ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ mọ́ láú, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá gbin ohun tó wù wọ́n. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ lọ, ewé ohun ọ̀gbìn ti pọ́n, owó ti wọlẹ̀. Ewéko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tó fúnra rẹ̀ yan ibẹ̀, ti gba ìdánwò ilẹ̀ náà, ó sì yege. Iṣẹ́ tiwa ni kí a wò ó fínnífínní, kí a ràn án lọ́wọ́, kí a sì mọ ìgbà tó yẹ kí òmíràn gbapò rẹ̀.

Ilẹ̀ bíi ti Enugu àti ti Okaba ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mo ní lọ́kàn. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú inú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete ní Enugu, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí Port Harcourt. Èédú yẹn ló ń wa rélùwéè tó ń gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá nígbà náà, òun náà ni wọ́n fi ń dáná ní ilé iṣẹ́ ìmọ́nàmọ́ná Ìjọra ní Èkó. Ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu. Lónìí, òkìtì pàǹtí èédú wà lẹ́nu àwọn ihò àtijọ́ ní Enugu, níbi tí wọ́n ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wà á. Ní Okaba, ojú ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i, nítorí náà gbogbo ilẹ̀ ló dojú dé. Ìtọ́jú méjèèjì jọra, àmọ́ ti Okaba ń fẹ́ sùúrù jù.

Ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà

Ilẹ̀ oko tó ṣá, bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á padà bọ̀ sípò. Ilẹ̀ dúdú òkè rẹ̀ ṣì wà, hóró ewéko wà nínú rẹ̀, ekòló ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ilẹ̀ èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n dà sókè, òkúta àti amọ̀ tí kò rí oòrùn rí, tí kò ní hóró kankan nínú.

Èyí tó le jù nínú ohun tí wọ́n dà sókè ni òkúta kan tó ń dán yinrin, tí wọ́n ń pè ní páíráìtì. Irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di òun. Níwọ̀n ìgbà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kò ní wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ àti omi òjò bá ti kàn án, ásíìdì ló ń dà, àwọn bakitéríà kan sì wà tí wọ́n ń mú iṣẹ́ náà yá. Omi tó ń jáde níbẹ̀ á ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún, á sì fi ẹrẹ̀ pupa sílẹ̀ lórí òkúta odò. Bí kíkan ilẹ̀ bá wá pọ̀ tí pH rẹ̀, òṣùwọ̀n kíkan, fi lọ sí ìsàlẹ̀ 4.5, alumíníọ̀mù tó wà nínú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á sì máa jẹ orí gbòǹgbò. Gbòǹgbò á kúrú, á kú mọ́ òkè, ewéko á máa rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nígbà tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àìtó náítírójìn ló tẹ̀ lé e. Anthony Bradshaw, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Liverpool, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tí ìwakùsà bàjẹ́ ní Britain. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ ní láti kó nǹkan bí 1,000 kílò náítírójìn jọ nínú hẹ́kítà kan kí igi tó lè máa bọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 oníkílò 50 kò ní ju kílò 7.5 náítírójìn lọ nínú. Ó lé ní àpò 130 fún hẹ́kítà kan ṣoṣo, òjò á sì ti gbá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ kí gbòǹgbò tó rí i. Àmọ́ àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà, tí ara wọn bá yá, lè kó 50 sí 150 kílò láti inú afẹ́fẹ́ sínú hẹ́kítà kan lọ́dún, láìgba kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí owó ajílẹ̀ dúró ná.

Ohun tó kù ni ooru àti líle. Ojú ilẹ̀ dúdú ń gba oòrùn mọ́ra débi pé ooru rẹ̀ lè kọjá 50°C lọ́sàn-án gangan, ọmọ ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò lè fara da á. Níbi tí ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi kò ráyè wọlé, gbòǹgbò náà kò ráyè wọlé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má dá nìkan wọ ilẹ̀ náà, ẹ má sì sún mọ́ ẹnu ihò àtijọ́. Afẹ́fẹ́ inú ihò èédú lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbọ́ òórùn kankan, orí ilẹ̀ tó wà lókè ihò náà sì lè jìn nígbàkígbà. Bí ẹ bá rí èéfín tó ń rú látinú òkìtì, tàbí ibi tí ilẹ̀ ti ń gbóná lábẹ́ bàtà, èédú ló ń jó lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìwakùsà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí ìwé, kí ẹ sì máa kọ ohun tó ń hù sí apá kọ̀ọ̀kan. Ìparí òjò ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí ohun gbogbo tó lè hù ti hù. Ibi tí èkan nìkan gbà pátápátá, ilẹ̀ náà kan, kò lọ́ràá, iná sì ti ń jó o léraléra. Ibi tí patanmọ́ nà sí, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ibẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti ń wọ inú rẹ̀. Èèsún ń fẹ́ ọ̀rinrin, nítorí náà ibi tí erùpẹ̀ ti gbára jọ sí lẹ́sẹ̀ òkè ni ẹ ó ti bá a. Tẹ̀tẹ̀ àti imí-eṣú ń sọ pé oúnjẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí nǹkan kan kò hù rárá lẹ́yìn òjò ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ yí i ká lórí ìwé yín. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ má gbára lé ewéko kan ṣoṣo láti dá ẹjọ́. Ẹgbẹ́ tó bá hù pọ̀ ló ń sọ òótọ́.

Fún àyẹ̀wò, ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi 15 ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú korobá tó mọ́, kí ẹ sì mú ìwọ̀n kílò kan nínú rẹ̀ lọ. Ẹ má pò erùpẹ̀ ibi tó hù mọ́ ti ibi tí kò hù. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì ìjọba lè yẹ̀ ẹ́ wò. pH nìkan kò tó láti béèrè. Ẹ ní kí wọ́n fi háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì dán an wò pẹ̀lú, nítorí páíráìtì tí kò tíì jẹrà kì í fara hàn nínú pH òní. Ilẹ̀ tó wà ní 5.5 lónìí lè bọ́ sí 3 lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó sì pa gbogbo ohun tí ẹ ti tọ́jú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ òjé, kádímíọ̀mù àti ásẹ́níìkì wò náà. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn máa wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan oúnjẹ.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró

Òjò Enugu lọ́dún ń kọjá mìlímítà 1,500, òkè sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì dá àgbàrá lẹ́kun, kò sí hóró tó lè dúró jẹ́ẹ́ kó hù. Ẹ to òkúta tàbí ẹ̀ka igi dábùú òkè, kí ìlà náà wà ní ìpele kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí apá kan rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni omi á ti ya lu. Kò sí ohun tó ga nínú ìlà yìí, ìwọ̀n orúnkún ti tó. Lẹ́yìn òjò díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn ìlà náà níhà òkè. Ẹ ó rí i pé erùpẹ̀ kúnná, ewé gbígbẹ, ìdọ̀tí ẹran àti hóró koríko ti kó jọ síbẹ̀, ó sì tutù ju ibi yòókù lọ. Níbẹ̀ ni ewé tútù àkọ́kọ́ ti máa ń yọ.

Ibi tó le gbagidi, ẹ fi díígà tú u, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní gbágungbàgun. Ẹ má tẹ́ ẹ. Ní Sokolov, ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú láti ojú ilẹ̀, wọ́n fi àwọn òkìtì kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe dà wọ́n sí, gegele àti kòtò. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀, Jan Frouz wà lára wọn, ń tọpa ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Igi wílò, igi bẹ́ẹ̀ṣì àti áspẹ̀nì wọlé fúnra wọn, ewé wọn kó jọ sínú kòtò, nígbà tó sì tó nǹkan bí ogún ọdún, ekòló dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ewé jíjẹrà mọ́ amọ̀ ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ooru àti òjò tiwa ń mú kí ewé tètè jẹrà, àmọ́ kòtò àti gegele wúlò lọ́dọ̀ wa náà bákan náà.

Kíkan ilẹ̀

Ibi tí pH ti tó 5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ewéko. Ibi tó wà láàárín 4 sí 5, eérú igi láti ilé búrẹ́dì tàbí ibi gààrí lè ràn án lọ́wọ́, láìmù tí wọ́n lọ̀ láti ara òkúta ẹfun sì dára jù ú. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ kékeré ná, kí ẹ dúró fún oṣù méjì òjò, kí ẹ tún wọn pH. 5.5 ti tó. Ẹ má lépa 7, ewéko igbó wa kò béèrè rẹ̀.

Ibi tí páíráìtì ti pọ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra fún ìlérí àwọn oníṣòwò láìmù. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìwakùsà ń lò ni pé bí imí-ọjọ́ tó wà nínú páíráìtì bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀, 1,000 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ náà ń fẹ́ 31.25 tọ́ọ̀nù òkúta ẹfun. Ojú ilẹ̀ hẹ́kítà kan, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 péré, tó nǹkan bí 2,000 tọ́ọ̀nù. Ó lé ní 60 tọ́ọ̀nù láìmù nìyẹn. Korobá eérú mélòó ni yóò tó o? Irú ibẹ̀, ẹ fi erùpẹ̀ tó mọ́ bò ó bí agbára bá wà, bí kò bá sí, ẹ yí i ká pẹ̀lú òkúta kí omi rẹ̀ má ṣàn sórí ìyókù, kí ẹ sì gbájú mọ́ ibi tó ṣeé ṣe. Ohun ìtùnú kan wà: èédú Enugu kò ní imí-ọjọ́ púpọ̀ bíi ti àwọn ibòmíràn, nítorí náà irú ibi líle bẹ́ẹ̀ kì í gba gbogbo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí igbó wọlé

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, bí bẹẹrẹ àti èèsún bá ti gbó tí hóró wọn fẹ́ máa gbọ̀n, ẹ gé wọn tìdí-tìdí láti etí ilẹ̀ náà, kí ẹ nà wọ́n sórí ojú dúdú tó ṣófo. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: hóró á gbọ̀n sílẹ̀, koríko gbígbẹ náà á sì bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ fi ẹ̀ka igi tẹ̀ ẹ́ kí ọyẹ́ má gbé e lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ ó rí i pé abẹ́ koríko yẹn nìkan ló kọ́kọ́ hù.

Ẹ ri òpó ọparun tó ga ju ènìyàn lọ mọ́lẹ̀ káàkiri, kí ẹ so igi kan dábùú orí rẹ̀. Ẹyẹ tó bá jẹ èso nínú igbó ìtòsí á bà síbẹ̀, á sì su hóró sílẹ̀. Ẹ tú ìdí òpó náà díẹ̀, kí ẹ fi koríko fẹ́lẹ́ bò ó. Afẹ́ẹ̀rẹ̀ ló máa ń tètè wá nípa ọ̀nà yìí, igi tó ń sáré dàgbà ni, ewé rẹ̀ ń wọ́ dáadáa, kì í sì í sá fún ilẹ̀ tó bàjẹ́.

Ohun kan wà tí ojú kì í rí, tí ilẹ̀ èédú kò ní: olú wẹ́wẹ́ tó ń gbé lára gbòǹgbò, tó ń bá igi wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti omi. Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ igbó àtijọ́ tó wà nítòsí, kí ẹ máa fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí ihò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbìn sí. Ẹ̀kúnwọ́ ni mo wí. Ẹni tó bá fi típà kó ilẹ̀ igbó kan láti fi wo òmíràn sàn ti dá ọgbẹ́ tuntun sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdílé ẹ̀wà. Kí ẹ tó ra hóró kankan, ẹ yẹ patanmọ́ tó ti wà níbẹ̀ wò, nítorí ìdílé ẹ̀wà ni òun náà. Lẹ́yìn òjò, ẹ rọra fi ọ̀bẹ tú ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ ṣan án nínú omi. Ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ tó so mọ́ ara gbòǹgbò náà. Ẹ fi èékánná tẹ ọ̀kan bẹ́. Bí inú rẹ̀ bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kó náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì sí kókó kankan, bakitéríà tó ń bá a kó náítírójìn kò tíì dé ilẹ̀ náà, ẹ lọ bu erùpẹ̀ láti ìdí patanmọ́ ibòmíràn tó ní kókó pupa, kí ẹ wọ́n ọn síbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí èyí tí mo fọkàn tán jù ú lọ.

Níbi tí patanmọ́ bá ti ń ṣe dáadáa, ẹ fi òtílì kún un, tàbí irú wèrèpè tí kì í yún ènìyàn lára, kí ẹ sì máa gún ẹ̀ka àgúnmánìyè sí ẹ̀yìn ìlà òkúta. Ẹ jẹ́ kí ewé wọn wọ́ sílẹ̀. Ẹ má ká òtílì náà jẹ kí àyẹ̀wò òjé àti kádímíọ̀mù tó mọ́.

Ewé Akíntọ́lá àti èkan

Àwọn àgbẹ̀ wa kò fẹ́ràn méjèèjì, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀kan nínú wọn. Àjèjì ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ó bá hóró igi mẹláínà láti Sri Lanka wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937, agbègbè Enugu sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i.  Ó ń fa kálísíọ̀mù àti pọ́tásíọ̀mù láti ìsàlẹ̀ wá sínú ewé rẹ̀, ewé náà ń tètè jẹrà, òjìji rẹ̀ sì ń pa èkan tó fẹ́ràn oòrùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í fẹ́ kí igi kankan hù lábẹ́ òun, ó ń gbẹ de iná lẹ́ẹ̀rùn, tata sì ń sá sínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kó ṣe ọdún méjì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ó tó tanná, ẹ máa bẹ́ ẹ lókè ilẹ̀ ní àyíká ọmọ igi tí ẹ bá rí, kí ẹ fi ewé rẹ̀ bo ìdí igi náà. Ẹ má fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ló di ilẹ̀ mú. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ẹ̀bá títì tí wọ́n ń pè ní jogbo náà dára fún irú iṣẹ́ yìí: ewé gbígbẹ rẹ̀ ní nǹkan bí 3.5% náítírójìn àti 4% pọ́tásíọ̀mù. Ẹ gé e láti ẹ̀bá títì wá, kí ó má tíì so hóró.

Èkan ń mú àgbàrá dúró ju ohunkóhun lọ ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má fi oògùn pa á. Ẹ fi igi pákó tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ má gé e. Bí a bá gé e, á tún hù kíákíá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á dùbúlẹ̀, ewéko mìíràn á gun orí rẹ̀.

Iná ló lè pa gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan. Lórí ilẹ̀ èédú, ewu rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí iná igbó lè wọ inú òkìtì pàǹtí, kó máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kí oṣù kejìlá tó dé, ẹ ro àyíká ilẹ̀ náà mọ́ ní ìwọ̀n mítà márùn-ún, kí ẹ bá àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Igi, lẹ́yìn náà oúnjẹ

Bí afẹ́ẹ̀rẹ̀ bá ti ga tó bẹ́ẹ̀ tó ń fi òjìji bo ilẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi tó ń pẹ́ sí abẹ́ rẹ̀: ayùnrẹ́, igi irú, àti kajú tó mọ Kogi àti Enugu dáadáa. Ayùnrẹ́ jẹ́ ti ìdílé ẹ̀wà, á máa bọ́ àwọn tó kù. Ẹ gbin wọ́n ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ káàkiri, kì í ṣe ní ìlà tó gún, kí ibi tí ọ̀kan bá kú sí má di ọ̀nà àgbàrá.

Ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, ẹ padà sí ibi kan náà tí ẹ ti bu erùpẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ wọn pH, ẹ ka oríṣi ewéko tó wà níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ní ìbú àti òró, ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ wo ekòló. Ilẹ̀ tí ekòló bá ti ń júbà tí ilẹ̀ sì ń lanu fún un, kò ní pẹ́ dúdú lójú.

Ewébẹ̀ ni kó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti gbòǹgbò tí à ń jẹ máa ń fa kádímíọ̀mù àti òjé mọ́ra, kíkan ilẹ̀ sì ń jẹ́ kí wọ́n tètè wọlé. Títí dìgbà tí àyẹ̀wò irin wọ̀nyẹn yóò fi mọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, láàárín ọdún méjì, igi ìdáná, ọparun àti igi pákó ni kí ẹ máa mú níbẹ̀. Bí ó bá mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ kékeré ní ẹ̀yìn ìlà òkúta tó pẹ́ jù, kí ẹ mú ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí ọmọ kankan tó jẹ ẹ́.